Ọwọ́ Mi Mọ̀ Pé Háàdì Náà Fúyẹ́

Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó yọrí sẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní:

"Ọ̀rẹ́, o ò tíì gbọ́? Eyínmẹ́nugún wà lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀ yẹn, ó ń sunkún. Ó ní láptọ́ọ̀pù òun ti gbé gbogbo fọ́tò àwọn ìyàwó tí òun yà mì."

"Láptọ́ọ̀pù wo?"

"Èyí tí o tún ṣe fún un ni. Àbí mélòó ló ní?"

Mo ń tú sikúrúù lọ́wọ́ nígbà yẹn. Mi ò gbójú sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má retí kí n sọ fún yín pé ara mi gbọ̀n, tàbí pé ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbé mi. Ara mi ò gbọ̀n. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé: ó ti dé.

Ẹni tí ò mọ̀ ni nǹkan ń bá lójijì. Èmi mọ̀.

Ọkọ mi ló ni iṣẹ́ títún láptọ́ọ̀pù ṣe. Nígbà tó kú, gbogbo ayé rò pé màá tilẹ̀kùn, kí n lọ wá iṣẹ́ obìnrin ṣe. Mi ò tilẹ̀kùn. Mo ti jókòó tì í pẹ́, mo ti bá a tan iná sínú ẹ̀rọ, mo ti bá a ṣa sikúrúù tó já bọ́ sílẹ̀. Ìwé mi ò jìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi nọ́ńbà rẹ́ mi jẹ, ọwọ́ mi sì mọ ohun tó bá dì mú. Bátìrì tó bá ń wú, kí ojú tó rí i, ìka mi á ti sọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò fẹ̀. Bí oníbàárà méjì bá wọlé, ẹ̀kẹta á dúró síta. Ṣùgbọ́n ọkọ mi rà á ni, kò háyà ẹ̀, òun nìkan ló sì fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Bùrọ̀dá, kì í kọjá níwájú ibẹ̀ kí wọ́n má wo ògiri ẹ̀ lókè nílẹ̀, bí ẹni tó ń wo àgbò lọ́jà.

Eyínmẹ́nugún ni àbíkẹ́yìn wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, tó ń fi èrìgì rẹ́rìn-ín sí mi. Eyín ti hù, ọmọ ti dàgbà, ó ti di oní-fọ́tò. Fọ́tò ìgbéyàwó ló ń yà jù. Ọkọ ló jẹ́ sí mi, bí mo tilẹ̀ jù ú lọ dáadáa, nítorí náà àwa méjèèjì la jọ ń fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí èèyàn lè tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó mi, ó ti kún dẹ́nu," ó ní. "Bí mo bá fẹ́ kó fọ́tò tuntun sí i, àfi kí n pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ bá mi yọ háàdì inú ẹ̀, kí ẹ fi ńlá sí i."

Fún ẹni tí ò bá mọ̀, háàdì ni ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó ohun gbogbo pa mọ́ sí. Bí òun bá kú, ohun gbogbo bá a lọ.

Mo ní, "Ọkọ mi, ara tín-ín-rín ni tiyín yìí. Háàdì tó bá nípọn ò lè wọ inú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní pa dé. Tín-ín-rín tó sì tún tóbi, ó wọ́n."

"Ó wọ́n tó báwo?"

Mo sọ iye rẹ̀. Ó gbá orí mú.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n ta kámẹ́rà ni? Kí ni màá wá fi ya fọ́tò tí màá kó sínú ẹ̀?"

A ná an títí. Ó san án, àyàfi díẹ̀ tí mo yọ fún un torí pé ó fi háàdì àtijọ́ sílẹ̀ fún mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn nídìí iṣẹ́ wa. Ti àtijọ́ á di tẹni tó tún un ṣe, a ó nù ún mọ́, a ó tún un tà.

Owó wọlé lọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, onílé mi ti gba ìdajì ẹ̀, torí ilé tí mò ń gbé, háyà ni. Bí mo bá ra háàdì gidi báyìí, mi ò ní rí nǹkan kan jẹ nínú iṣẹ́ náà. Kódà màá fi tèmi kún un.

Ibẹ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín ti wọlé. Ọkùnrin tó ń gbé ẹrù kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, àpò ńlá lẹ́yìn, ẹ̀rín lẹ́nu. Bí ẹ bá ń bú u, ẹ̀rín ni. Bí ẹ bá ń san owó fún un, ẹ̀rín náà ni.

"Màmá, mo gbọ́ pé ẹ ń wá háàdì. Mo ní in."

"Tín-ín-rín?"

"Tín-ín-rín."

"Tó tóbi?"

"Bí ikùn onílé yín."

Ó kó o jáde, ó sọ iye rẹ̀. Ìdajì iye tí wọ́n ń ta gidi kọ́, kò tiẹ̀ tó ìdajì. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.

Ó fúyẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fúyẹ́ bí páálí ìṣáná tí wọ́n ti ṣá tán. Mo mì ín létí. Nǹkan kan ró nínú ẹ̀ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹ̀wà kan ṣoṣo nínú agolo.

"Ẹlẹ́rìn-ín, kí ló wà nínú èyí?"

"Màmá, nọ́ńbà tí oníbàárà fẹ́ rí ló wà nínú ẹ̀."

"Mo ní kí ló wà nínú ẹ̀."

"Ẹ fi í sẹ́rọ kẹ́ ẹ wò ó. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, òun náà ni oníbàárà máa rí. Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yín ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Ta lẹ rí tó wá fà mí láṣọ ya?"

Mo fi í sẹ́rọ. Nọ́ńbà ńlá yọ, ó jókòó síbẹ̀ gbàgìrì bí olóyè. Ojú mi ń wo nọ́ńbà, ọwọ́ mi ń sọ pé irọ́ ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tún yọ owó sí i fún mi."

Ó yọ ọ́.

Ẹ wò mí níbẹ̀ yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Kì í ṣe pé mo rà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra ayédèrú tí wọn ò mọ̀. Èmi fi ayédèrú ẹ̀ ná owó wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n tàn jẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ náà. Mo ṣí rọ́bà tó bo àwọn sikúrúù ìdí láptọ́ọ̀pù, mo tú wọn, mo tò wọ́n sórí aṣọ bí mo ṣe tú wọn, kí gígùn má lọ wọ ihò kúkúrú. Mo fi ike pẹlẹbẹ la ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ yọ ẹnu bátìrì kúrò, lẹ́yìn náà okùn háàdì, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé, tí èèyàn bá fà á pẹ̀lú ìbínú á ya. Mo da ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú tuntun. Kò sí àléébù nínú bí mo ṣe ṣe é. Ọkọ mi ìbá yìn mí.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ohun kan tó máa ń ṣe. Bó bá ti kó nǹkan sí háàdì tuntun tán, á ṣí ọ̀kan lórí, lára èyí tó kọ́kọ́ wọlé, á ṣí ọ̀kan láàárín, á ṣí ọ̀kan nídìí, lára èyí tó wọlé kẹ́yìn. Ó ní orí máa ń ṣí, orí kì í purọ́. Àárín àti ìdí ni kí èèyàn bi.

Mo ṣí orí. Ìyàwó kan yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín ẹ̀ ṣeé kà. Ó mọ́ gaara.

Ọwọ́ mi lọ sí àárín. Mo dá a dúró. Mo sọ fún ara mi pé oníbàárà ń dúró dè mí.

Kò sí oníbàárà kankan. Àga ló wà níbẹ̀.

Mo dé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà pa. Mo nu háàdì àtijọ́ mọ́ tónítóní, ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ rà á lọ́wọ́ mi, ó sanwó, ó bá tiẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé e wá síwájú mi lónìí, mi ò lè dá a mọ̀.

Eyínmẹ́nugún wá gbé ẹrù rẹ̀. Nígbà tó rí nọ́ńbà náà, ó dì mọ́ mi lọ́rùn.

"Ìyàwó mi, ọwọ́ yín ò ní rọ! Ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi wà lára yín."

Mo ní, "Ẹ máa lò ó re o."

Bí ayédèrú yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ojú ẹ̀ pariwo pé òun lè gba ilé kan, inú ẹ̀ ò ju agolo lọ. Bí agolo bá kún, kò ní sọ fún yín. Á máa gba ẹrù yín, á máa kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, á sì máa da ẹrù náà nù. Oṣù bíi mélòó kan ni Eyínmẹ́nugún fi ń ya ìgbéyàwó, tó ń kó o síbẹ̀, tó ń nu inú kámẹ́rà ẹ̀ mọ́ fún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Orúkọ gbogbo wọn tò síbẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó kan wá béèrè fọ́tò tirẹ̀ ni ó tó lọ wá a.

Mo bá a lórí àtẹ̀gùn bí Aránṣọ ṣe wí. Láptọ́ọ̀pù wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń yọ kò ju àwọ̀ eérú lọ. Nínú ọ̀kan, iwájú orí ìyàwó ló yọ, ìyókù di ìlà ìlà.

"Ìyàwó mi, ẹ wò ó. Orúkọ wà, èèyàn ò sí."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó bí ẹni tí ò mọ̀.

"Ṣé ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ ẹlòmíì? Kòkòrò tó ń jẹ ohun inú ẹ̀rọ lè ti wọ inú ẹ̀."

"Mo so ó mọ́ ti ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ rí i?"

Ó gbà mí gbọ́. Ó ń nu ojú, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú mi, mo sì dúró, mo ń wò ó. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn ló burú jù, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bú mi sí i.

Ọ̀rọ̀ ò dúró síbẹ̀. Ìyá ìyàwó àkọ́kọ́ dé, ó gbówó ẹ̀ padà pẹ̀lú èébú. Ẹ̀kejì rán ọkọ tuntun wá, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí ò sọ̀rọ̀, tó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi san án. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n tẹ̀lé e. Eyínmẹ́nugún ta iná ìyafọ́tò méjì, ó tún yá owó kún un. Ẹnì kan tó bá a wo láptọ́ọ̀pù náà níbòmíràn sọ fún un pé kòkòrò kọ́, háàdì náà ni ayédèrú.

Bùrọ̀dá gbọ́. Bùrọ̀dá ní kí ẹbí wá jókòó ní pálọ̀ àwọn.

Kí n tó lọ, Aránṣọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí wàá sọ?"

"Kí ni?"

"Sọ pé wọ́n tàn ọ́ ni. Opó ni ẹ́, o ò kàwé, ta ni ò ní káàánú ẹ? Sunkún díẹ̀ mọ́ ọn."

"Ẹkún ò sí lójú mi."

"Yá tèmi."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gba ìmọ̀ràn náà.

Pálọ̀ Bùrọ̀dá kún. Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ ẹnì kankan. Bùrọ̀dá jókòó sórí àga tó ga ju tàwa yòókù lọ. Wọ́n ní:

"Ìyàwó, sọ ohun tí o mọ̀."

Mo dìde. Mo ní, "Ẹni tó tà á fún mi ló tàn mí. Ó fi nọ́ńbà hàn mí, mo gbà á gbọ́. Ẹ sì mọ̀ pé èmi ò kàwé."

Eyínmẹ́nugún fò dìde.

"Mo ti sọ fún wọn! Mo ní ìyàwó mi ò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọ́n ní mi ò gbọ́n!"

Bùrọ̀dá juwọ́ sí i pé kó jókòó. Wọ́n kọjú sí yàrá inú, wọ́n ní, "Máa bọ̀."

Kọ́tìnnì là. Ẹlẹ́rìn-ín jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i tí kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi ọlọ́pàá bà á lẹ́rù, ó hàn lójú ẹ̀.

"Sọ bó ṣe jẹ́," Bùrọ̀dá wí.

Ó ń wo ilẹ̀. "Mi ò sọ fún Màmá pé gidi ni, sà. Wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n mì ín létí. Wọ́n bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún yọ owó sí i. Mo sì yọ ọ́."

Ẹnì kan tó fẹ́ wúkọ́ gbé e mì.

Eyínmẹ́nugún yíjú sí mi. Kò pariwo. "Ìyàwó mi, ṣé òótọ́ ni?"

Mo lè pè é nírọ́. Ta ni ẹlẹ́rù kiri? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ àti tèmi, tèmi ni wọn ìbá gbà. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ yẹn, mo rí i pé bí mo bá pa irọ́ náà, á tún gbà mí gbọ́. Ó rẹ̀ mí láti máa jẹ́ ẹni tí ọmọ náà ń gbà gbọ́.

"Òótọ́ ni," mo ní. "Ọwọ́ mi mọ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" Bùrọ̀dá na ọwọ́ sókè. "Ẹ gbọ́ ohun tó fẹnu ara ẹ̀ sọ! Kúnlẹ̀!"

Mo kúnlẹ̀. Mo kọjú sí Eyínmẹ́nugún.

"Èmi ni mo ní kí o kúnlẹ̀ fún," Bùrọ̀dá wí.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo jẹ ní gbèsè."

Wọ́n hó lé mi lórí. Ìyàwó burúkú, ìyàwó aláìlójútì, àbí kí ló gbé wọ̀ bí ẹ̀wù báyìí? Mo jẹ́ kí wọ́n hó tán. Èèyàn tó ti ná ọjà láàárín àwọn tó ń ta nǹkan kan náà mọ bí wọ́n ṣe ń dúró nínú ariwo.

Bùrọ̀dá wá sọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè wá. "Kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá. A ó tà á. A ó fi san owó ọmọ yìí."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù wo?"

"Ṣọ́ọ̀bù ju gbèsè lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Bẹ́ ẹ bá tà á tẹ́ ẹ san án, ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù á wà lọ́wọ́ ẹbí."

"Apá ibo nínú ẹbí? Àpò ọ̀tún yín ni àbí ti òsì?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n yára fọwọ́ bo ẹnu. Bùrọ̀dá dìde, wọ́n tún jókòó.

Mo ní, "Mo jalè, mi ò sẹ́. Màá san án, gbogbo ẹ̀, owó àwọn ìyàwó, owó háàdì, iná ìyafọ́tò tó tà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, ẹnì kan ò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ mi rà á."

"Títí ìgbà wo?"

"Kí ọdún yìí tó yí."

"Bó bá yí tí o ò san tán?"

"Ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́."

Mo rò pé ó tán. Mo ti ń gbọn ìdí aṣọ mi. Ni Eyínmẹ́nugún bá sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ kéré débi pé gbogbo èèyàn tẹ̀ síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀."

Mo ní, "Kí ni?"

"Fídíò ẹ̀gbọ́n mi. Mo yà á níjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ó ń tú ẹ̀rọ kan, ó ń bá mi jà pé kí n kúrò níbi iná. Ohùn ẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ń tọ́jú ẹ̀, mo fẹ́ fún yín ní àyájọ́ ọjọ́ tó kú."

Nídìí háàdì ni fídíò náà wà. Ibi tí mi ò ṣí wò. Èyí tó sì wà nínú háàdì àtijọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi nù ún mọ́, mo gbowó lórí ẹ̀.

Mi ò sunkún ní pálọ̀ Bùrọ̀dá. Ibi tí mo ti sunkún, ọ̀rọ̀ èmi àti ìrọ̀rí mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ayédèrú náà lọ́wọ́ Eyínmẹ́nugún, mo fi ọ̀bẹ là á. Káàdì kékeré kan bí èékánná, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú fóònù, ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike. Ìdí káàdì náà ti tú, òun ló ń ró. Mo fi okùn so gbogbo ẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ní lílà bí mo ṣe là á. Bí oníbàárà bá bi mí pé kí ni, màá ní, "Ohun tí mo tà fún èèyàn mi nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín."

Ẹ lè rò pé wọ́n á sá. Àwọn kan sá. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í kó háàdì tí wọ́n rà níbòmíràn wá, pé kí n bá wọn wò ó. Mo ń gbówó lé e. Màá gbé e lọ́wọ́, màá mì ín, màá kó ẹrù sí i títí á fi kún dẹ́nu, màá ṣí orí, màá ṣí àárín, màá ṣí ìdí. Bí mo ṣe rí owó gbèsè nìyẹn. Mo ta wúrà etí mi mọ́ ọn, mo dá ẹran dúró nínú ọbẹ̀ mi.

Àwọn ará ìlà wa ò kí mi mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín wá lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín ti padà sẹ́nu ẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi sọ nǹkan yẹn kalẹ̀. Ẹ ń ba ọjà jẹ́."

"Ọjà tí òótọ́ bá lè bà jẹ́, ó ti rà tipẹ́."

"Ṣebí ẹ̀yin náà rà á!"

"Mo rà á. Mo sọ ọ́ lójú ẹbí ọkọ mi, mo sọ ọ́ lójú títì. Ìwọ náà sọ tìẹ, kí n gbọ́."

Ó gbé àpò ẹ̀, ó lọ. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní ebi ló mú mi ṣe é, pé kí wọ́n ṣàánú opó. Mi ò fẹ́. Ebi ń pa mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló ná owó háàdì yẹn wálẹ̀, èmi ni. Ẹni tó bá gba ẹ̀ṣẹ̀ mi kúrò lọ́wọ́ mi fẹ́ gba ọgbọ́n tí mo fi ẹ̀ṣẹ̀ náà rà mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, bí ọwọ́ yín bá sọ fún yín pé nǹkan fúyẹ́, ẹ má lọ bẹ nọ́ńbà lọ́wẹ̀ kó bá yín jiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rà, ẹ má sanwó títí wọ́n á fi ṣí ìdí fún yín. Bí wọ́n bá bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Mo ń san án díẹ̀díẹ̀. Eyínmẹ́nugún ń gbà á bí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àjèjì. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ọjọ́ tí mo gbé èyí tó kẹ́yìn lọ, ọdún ò tíì yí. Ó ń ya ọmọ ìkókó kan lọ́wọ́ nínú yàrá tó fi ń ya fọ́tò, aṣọ funfun lára ògiri. Ó ní kí n dúró. Mo dúró. Nígbà tí ìyá ọmọ gbé ọmọ ẹ̀ lọ, mo gbé owó lé orí àpótí.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń kà á sókè kí n lè gbọ́.

"Ẹ tún un kà," mo ní. "Àyè wà fún mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tan iná ìyafọ́tò yẹn sí i lójú."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó gbé e mì.

"Ó pé," ó ní.

"Mo mọ̀ pé ó pé."

"Kì í ṣe pé mo ti dárí jì yín o."

"Mi ò tọrọ ìyẹn lónìí. Owó ni mo wá san, mo sì ti san án. Ẹ bá mi sọ fún Bùrọ̀dá kí wọ́n gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mi."

"Ẹ sọ fún wọn fúnra yín."

Ó kó owó náà sínú àpò kámẹ́rà, ó fa síìbù ẹ̀ pa. Mo gba ilé Bùrọ̀dá kọjá, mo kan ilẹ̀kùn, mo sì sọ fún wọn.